Iná oòrùn nínú ilé ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Iná oòrùn nínú ilé ni iná mànàmáná tí onílé tàbí ayálégbé ń rí láti ara ìmọ́lẹ̀ oòrùn fún ìlò ara rẹ̀, yálà ó fi rọ́pò iná ìjọba pátápátá ni, tàbí ó fi ń dí àlàfo ìgbà tí iná ìjọba bá lọ. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ jẹ́ àdúgbò méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Oòrùn kan náà ni ó ń ràn sí méjèèjì, ṣùgbọ́n òrùlé, owó àti ẹ̀tọ́ lórí ilé kò dọ́gba níbẹ̀. Ohun tí ó ń mú kí ètò iná oòrùn yọrí sí rere ní àdúgbò méjèèjì kì í ṣe iye pánẹ́ẹ̀lì tí ó wà lórí òrùlé, bí kò ṣe ìṣirò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó rà á: kí ni ilé ń lò, èwo ni kò gbọdọ̀ kú nígbà tí iná bá lọ, èwo ni ó sì lè dúró di ọjọ́ kejì.

## Ìtàn iná mànàmáná ní agbègbè náà

Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná kalẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìtòsí Àpápá, èédú ilẹ̀ sì ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Òfin ọdún 1950 ni ó dá àjọ Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Ní ọdún 1972, wọ́n pa àjọ yìí pọ̀ mọ́ èyí tí ń mójú tó ìdídò omi Kainji, wọ́n sì sọ ọ́ di NEPA. Ní ọdún 2005, NEPA di PHCN. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ Eko Electricity Distribution Company sì gba apá gúúsù Èkó, tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí orúkọ ṣe ń yí padà tó, NEPA ni àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é, igbe “Up NEPA!” ni àwọn ọmọdé sì ń ké bí iná bá dé.

Àpápá ni ibùdó èbúté ńlá Èkó. Ilé-iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí àti àwọn ilé gbígbé olọ́gbà ni wọ́n tò sí ojú òpópónà rẹ̀. Ajégúnlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté àti ti ilé-iṣẹ́ Àpápá fi ṣe ibùgbé, ó sì kún fún Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ, Haúsá àti ẹ̀yà mìíràn. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Àpápá wà lábẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ààlà yìí ni orúkọ àdúgbò Boundary ń rántí. Lónìí, Àpápá ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Ààlà àtijọ́ náà ti parẹ́ nínú òfin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé olọ́gbà àti ilé oníyàrá púpọ̀ ṣì hàn kedere nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti iná.

## Ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yíjú sí oòrùn

Ìdí àkọ́kọ́ ni ìdákúdàájí iná. Gbogbo iná tí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ lórí okùn ńlá orílẹ̀-èdè kò sábà ju nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 lọ, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Nígbà mìíràn, gbogbo okùn náà a dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, olówó Àpápá àti tálákà Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n jọ ń wà nínú òkùnkùn.

Ìdí kejì ni owó. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n fi rí iná lójúmọ́: Band A, ó kéré tán wákàtí 20, Band B, wákàtí 16, Band C, wákàtí 12, Band D, wákàtí 8, Band E, wákàtí 4. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan fún Band A láti ₦68 lọ sí ₦225. Àdúgbò kan náà lè ní òpópónà tí ó wà ní Band A àti èyí tí kò sí níbẹ̀, nítorí wáyà tí ó gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n fi ń pín ìpele, kì í ṣe orúkọ àdúgbò.

Ìdí kẹta ni ẹ̀rọ amúnáwá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà kan epo ní Èkó sì fò sókè láti ìsàlẹ̀ ₦200 sí ₦488 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ó wọ́pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ kì í fi lítà epo kan pèsè ju nǹkan bí yúníìtì kan tàbí kí ó lé díẹ̀ lọ. Ó tún ní ewu tí ó ju owó lọ. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bálíkónì tàbí ìdí fèrèsé, gáàsì yìí lè pa àwọn tí ó sùn sínú yàrá kí wọ́n tó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀, èéfín aládùúgbò jẹ́ ewu fún ẹni tí kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ.

## Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ètò iná oòrùn ní ẹ̀yà mẹ́rin pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni pánẹ́ẹ̀lì, tí a fi sílíkónì ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé sílíkónì yìí, iná a máa ṣàn nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi irú èyí tí ó wúlò han aráyé ní ọdún 1954. Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń lò, kì í ṣe ooru. Ooru tí ó pọ̀ jù tilẹ̀ máa ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àlàfo wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti páànù òrùlé kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yà kejì ni ẹ̀rọ tí ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì wọ inú bátìrì, tí kò ní jẹ́ kí bátìrì yó ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀yà kẹta ni bátìrì, tí ń tọ́jú iná ọ̀sán di òru. Ẹ̀yà kẹrin ni inverter, tí ń yí iná bátìrì padà sí irú iná tí fáànù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ń lò. Ọ̀pọ̀ inverter òde òní ti gbé ẹ̀rọ adarí náà sínú, wọ́n sì lè gba iná láti ọ̀dọ̀ oòrùn, láti ọ̀dọ̀ NEPA àti láti ara ẹ̀rọ amúnáwá, kí wọ́n sì yan èyí tí ó bá wà.

Oríṣi bátìrì méjì ni ó wọ́pọ̀. Bátìrì olójé wúwo, ó sì dínwó ju èkejì lọ nígbà ìrà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n lo ju ìdajì iná inú rẹ̀ lọ kí wọ́n tó tún un gbà, bí wọn kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Bátìrì lítíọ́mù wọ́n jù ú lọ, àmọ́ wọ́n lè lo nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iná inú rẹ̀, ó sì sábà máa ń pẹ́ ju ti olójé lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi iye owó nìkan ṣe ìfiwéra àwọn méjèèjì ń fi ohun tí kò dọ́gba wé ara wọn.

## Ìṣirò ohun tí ilé ń lò

Ìṣirò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ń jẹ iná, kì í ṣe láti ara pánẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á fi iye wáàtì tí ó ń jẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ iye wákàtí tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́. Ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan ni yúníìtì kan, irú èyí tí wọ́n ń rà sí mítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àlékún sí i nítorí iná máa ń ṣòfò nínú wáyà, nínú bátìrì àti nínú inverter. Ìdá mẹ́rin ni ó bọ́gbọ́n mu láti kà sí òfò.

Ní Èkó, bí wọ́n bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ, ó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí wákàtí mẹ́rin oòrùn kíkún. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Oṣù tí ìmọ́lẹ̀ kéré jù ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ètò tí wọ́n fi oòrùn oṣù kejì ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò já ilé kulẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀:

- gílóòbù LED mẹ́ta, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 135
- fáànù kan, wáàtì 60, fún wákàtí 8: 480
- tẹlifíṣọ̀n kékeré, wáàtì 50, fún wákàtí 4: 200
- fóònù méjì, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 3: 60

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 875, kò tó yúníìtì kan lójúmọ́. Bí wọ́n bá fi òfò kún un, ó di nǹkan bí 1,170. Bí wọ́n bá pín èyí sí wákàtí mẹ́ta oòrùn, wáàtì 390 ni ó kù, èyí tí pánẹ́ẹ̀lì kan péré tí ó jẹ́ wáàtì 400 lè gbé. Bátìrì olójé kan tí ó jẹ́ fóltì 12 àti Ah 200 ní 2,400 nínú. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1,200, ó sì tó fún òru kan.

Àpẹẹrẹ kejì ni ilé ìdílé kan ní Àpápá. Gílóòbù mẹ́wàá gba 450, fáànù mẹ́rin gba 2,080, fíríìjì gba 1,200, ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan dì gba 1,500, tẹlifíṣọ̀n méjì gba 800, ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga gba 750 bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,780. Pẹ̀lú òfò àti wákàtí mẹ́ta oòrùn, ilé náà nílò nǹkan bí wáàtì 3,000, èyí tí ó jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo kún un, tí ó ń jẹ wáàtì 700 fún wákàtí mẹ́fà, 4,200 ni ó gún un lé. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà di mẹ́sàn-án, bátìrì náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ inú àpẹẹrẹ méjèèjì ni pé ohun tí ń mú nǹkan gbóná tàbí tutù ni ó ń jẹ owó. Áyọ́ọ̀nù máa ń gba wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́tù ìsè omi lè gba 2,000. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 sí LED oníwáàtì 9 ti dín ohun tí yóò rà kù kí ó tó ra pánẹ́ẹ̀lì kankan.

Ohun kan tún wà tí àròpọ̀ ojúmọ́ kò fi hàn. Fíríìjì àti ẹ̀rọ tí ń fa omi máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Inverter gbọ́dọ̀ lè gbé ìfà yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa kú lójijì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kún.

## Òrùlé, òjìji àti afẹ́fẹ́ òkun

Èkó wà ní ìwọ̀n bí 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, gúúsù ni ó dára kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí, kí ó sì dagun díẹ̀, bí ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 gba nǹkan bí mítà 2.5 níbùú lóròó. Òrùlé ilé olọ́gbà ní Àpápá lè gba mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án wọn láìsí wàhálà. Ilé àtijọ́ mìíràn ní òrùlé asbestos, èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí irú òrùlé bẹ́ẹ̀ láìsí amọ̀ṣẹ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, ilé fara ti ilé. Ilé alájà méjì lè ju òjìji rẹ̀ sórí òrùlé ìsàlẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán títí di alẹ́. Òjìji kékeré ní agbára ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ, nítorí pé inú pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti so àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Bí òjìji táńkì omi bá bo apá kan, ó lè fà gbogbo ìyókù sẹ́yìn. Kí wọ́n tó kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n wo òrùlé náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán gangan àti aago mẹ́ta.

Afẹ́fẹ́ agbègbè méjèèjì tún ní ìṣòro tirẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun àti ọ̀sà máa ń mú kí irin tètè dípẹtà, nítorí náà alumíníọ́mù àti bóòtù tí kì í dípẹtà ni ó yẹ. Èéfín ọkọ̀ àjàgbé tí ń lọ sí èbúté àti eruku ọyẹ́ ń bo ojú pánẹ́ẹ̀lì. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún, ní ìdájí kí ó tó gbóná.

## Ayálégbé àti ẹni tí ó ní òrùlé

Ìṣòro tí ó le jù ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ayálégbé nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, òrùlé kì í sì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá kan pánẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé onílé láìsí àdéhùn lè rí ìjà nígbà tí ó bá ń kó jáde, tàbí kí onílé ní òun ni ó mú kí òrùlé jò. Àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ó sọ ẹni tí ó ni ẹrù náà àti ẹni tí yóò tún ihò òrùlé ṣe, sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Èkínní ni ètò kékeré tí wọ́n lè tú kó lọ, tí ó ní pánẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kan, gílóòbù mélòó kan àti ibi ìgba-iná fóònù. Èkejì ni sísan díẹ̀díẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Lumos, tí ó bá MTN ṣiṣẹ́ pọ̀, ń gbé ètò kékeré fún oníbàárà, oníbàárà sì ń san owó rẹ̀ láti orí fóònù; bí kò bá san, ẹ̀rọ náà a ti ara rẹ̀ pa títí yóò fi san. Ẹ̀kẹta ni kí onílé gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo ilé, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní mítà kékeré tirẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó ń mú kí owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré jù, ṣùgbọ́n láìsí mítà, ẹni tí ó ń lo áyọ́ọ̀nù yóò máa jẹ iná ẹni tí ó ní gílóòbù méjì.

Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Agẹrun àti télọ̀ lè fi pánẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì ṣiṣẹ́ ọ̀sán, nítorí ẹ̀rọ wọn kò jẹ iná púpọ̀, àti pé ọ̀sán ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tí ń ta ẹja dídì ní láti ṣe ìṣirò tòru-tọ̀sán. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata yóò nílò ètò tí ó tóbi púpọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ; fún irú iṣẹ́ yìí, oòrùn kò tíì jẹ́ ìdáhùn tí ó rọrùn.

## Ètò fún ìgbà tí iná bá lọ

Níní pánẹ́ẹ̀lì kò túmọ̀ sí pé iná kò ní lọ mọ́. Ìkùukùu ọjọ́ mẹ́ta léraléra tó láti sọ bátìrì di òfìfo. Nítorí náà ni ètò tí ó dára fi máa ń pín ohun èlò sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kú: iná òru, fóònù, fáànù ọmọ ọwọ́ tàbí ti aláìsàn, àti fíríìjì tí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bá wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá wà nìkan: ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ̀rọ ìfọṣọ, áyọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ́ kẹta ń dúró de NEPA: ẹ̀rọ amúlétutù àti kẹ́tù. Wọ́n máa ń fa wáyà ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìfẹ́ inú ẹnì kan ni yóò pinnu bóyá bátìrì yóò di òwúrọ̀.

Omi àti ìtutù pẹ̀lú jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú iná. Táńkì tí ó kún ní ọ̀sán kò nílò bátìrì ní òru. Ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan dì, bí ó bá kún, tí wọn kò sì ṣí i, lè mú oúnjẹ dúró fún nǹkan bí wákàtí 48 láìsí iná; bí ó bá kún dé ìdajì, nǹkan bí wákàtí 24; fíríìjì lásán kò ju nǹkan bí wákàtí 4 lọ.

Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ilé a dín ìlò rẹ̀ kù láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹta. Bí NEPA bá mú iná wá fún wákàtí mélòó kan, inverter lè fi gba bátìrì. Láti ibí yìí ni ẹni tí ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ti lè jàǹfààní ju bí ó ṣe rò lọ: wákàtí mẹ́rin NEPA lójúmọ́, tí kò tó nǹkan fúnra rẹ̀, lè kún bátìrì kékeré kan dé ẹnu.

## Ààbò

Pánẹ́ẹ̀lì kò ṣeé pa ní ọ̀sán. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, iná wà nínú wáyà rẹ̀. Wáyà tín-ínrín tàbí ìsopọ̀ tí kò le máa ń gbóná, ó sì lè dá iná sí òrùlé. Ó yẹ kí súwíìsì ìjáná wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti inverter, kí fíúsì wà ní ìdí bátìrì, kí wáyà ilẹ̀ sì wà fún gbogbo rẹ̀.

Bátìrì olójé tí a ń ṣí láti bu omi sí máa ń yọ gáàsì tí ó lè gbiná nígbà tí ó bá ń gba iná. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sí abẹ́ ibùsùn tàbí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tí omi òjò sì ń ya wọ ilé, orí pèpéle gíga ni bátìrì àti inverter gbọ́dọ̀ wà, ju ibi tí omi ti dé rí lọ.

Ohun tí ó léwu jù ni kí iná ilé máa padà sẹ́yìn lọ sínú wáyà òpópónà nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ. Iná bẹ́ẹ̀ lè pa òṣìṣẹ́ tí ó gun òpó láti tún wáyà ṣe. Súwíìsì tí ń yà iná oòrùn àti ti NEPA sọ́tọ̀ pátápátá ni ó ń dènà èyí.

## Bátìrì tí ó ti gbó

Bátìrì olójé tí ó ti kú kì í ṣe pàǹtírí lásán. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí ó dára fún wọn. Ní ọdún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé pa ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Láti inú erùpẹ̀ ni òjé náà ti wá, ṣùgbọ́n oró kan náà ni. Àwọn tí ń ra bátìrì kiri a máa kó o lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, bíi Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì nínú ọgbà tàbí kí ó da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ra tuntun ni ó yẹ kí wọ́n dá ògbólógbòó padà sí.

## Òfin àti ètò ìjọba

Títí di ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ń ṣàkóso iná tí ó bá wà lórí okùn orílẹ̀-èdè. Àtúnṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2023, àti Òfin Iná Mànàmáná tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún náà, fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣètò iná tiwọn. Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó sì dá àjọ tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ náà, ẹni tí ó bá ń pèsè iná fún ìlò ara rẹ̀ tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ kò nílò ìwé àṣẹ. Kò sí ilé gbígbé kan tí ó ń lò tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò DARES, tí àjọ Rural Electrification Agency ń darí, láti fi iná oòrùn dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17.5 ọmọ Nàìjíríà tí iná kò kàn tàbí tí iná wọn kò tó. Ní Èkó fúnra rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé iná oòrùn sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lé ní 150 àti àwọn ilé ìwòsàn kan kí ọdún 2020 tó dé. Èbúté Àpápá wà lára ọ̀nà tí pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ òkèèrè ń gbà wọ Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ sí Boundary kò jìnnà, ṣùgbọ́n kí pánẹ́ẹ̀lì tó dé orí òrùlé ní Ajégúnlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ onílé tí ó gbà, owó tí ó ṣeé san díẹ̀díẹ̀ àti amọ̀ṣẹ́ tí ó ka ohun tí ń jẹ iná nínú yàrá náà kí ó tó dárúkọ iye.